Ohun Tí Màámi Ń Rí Nídìí Ìkòkò Àmàlà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ará Ìbàdàn, kó má wulẹ̀ dúró de ìròyìn orí rédíò. Kó wá jókòó sí ìsọ̀ màámi ní Mọ́kọ́lá láti aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́rin. Kó máa wo ohun tí àwọn ènìyàn ń rà, kó sì máa wo ohun tí wọn kò rà mọ́. Àmàlà ni màámi ń tà. Ó ti tó ọdún 19 tí wọ́n ti ń tà á, ẹ̀gbọ́n mi ni iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí ọmọ ọdún 16 ni èmi.

Ìsọ̀ náà kò tóbi. Tábìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́fà, páànù lórí, ibi ìdáná lẹ́yìn. A kò kọ orúkọ kankan sára ògiri. "Ìyá Alámàlà" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè wọ́n, àwọn mìíràn sì ń pè wọ́n ní "Màámi" bí ẹni pé ilé kan náà la ti jọ jáde. Àwọn onímáíkírà tó ń ná Dùgbẹ̀ sí Sángo ń wá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń wá, àwọn ọmọ Pólì, àwọn aránṣọ, àwọn Hausa tó ń tún bàtà ṣe ní Sábó, gbogbo wọn ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mi ò mọ ibòmíràn ní ìlú yìí tí òṣìṣẹ́ báńkì àti ẹni tó ń ti ọmọlanke ti ń fi èjìká kan ara wọn, tí wọ́n sì ń gbé omi ìfọwọ́ fún ara wọn láìbéèrè orúkọ.

Alẹ́ la ti ń rẹ ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, tí a ń bó èèpo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, a ó gbé e kaná títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí a tó ti ìjábẹ̀ bọ̀ ọ́. Ewédù náà ń fẹ́ ìjábẹ̀, ó sì ń fẹ́ káún díẹ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń jẹ́ kí n ṣe kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àmàlà fúnra rẹ̀, màámi nìkan ló ń rò ó. Wọ́n ní bí omi kò bá hó dáadáa, tàbí bí ọwọ́ bá falẹ̀ lórí orógùn, kókó ni yóò yọ, àti pé àmàlà tó bá ní kókó, ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé Dùgbẹ̀ kí ẹni tó jẹ ẹ́ tó fọ ọwọ́ tán.

Ohun tó wà nínú abọ́ kan ti rin ìrìn tó ju ti ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ. Èlúbọ́ wa ń ti Òkè-Ògùn wá, láti Ṣakí àti Ìgbòho. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ń ti òkè Ọya wá sí ọjà Bódìjà, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú màlúù tí a ń jẹ ti ń wá. Èmi kò mọ ìtumọ̀ èyí títí di oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá níbí ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìjà náà, àwọn oníṣòwò tó ń kó oúnjẹ àti màlúù bọ̀ láti òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò jẹ́ kí nǹkan wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Kíákíá ni àlùbọ́sà di ohun tí a ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn oníbàárà ń pariwo pé ọbẹ̀ kò ta sánsán mọ́. Màámi ní, "Ẹ ò mọ̀ pé Kánò ni ẹ ti ń jẹun látọjọ́ yìí?" Bàbá Hausa kan tó ń ṣe bàtà, tó jẹ́ oníbàárà wa, kò yọjú lọ́sẹ̀ náà. Ọjọ́ tó padà wá, kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kàn sún fún un.

Màámi kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n lè wo ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì mọ ohun tó fẹ́ rà. Aago tí èèyàn bá dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó dé ní aago mọ́kànlá kò jẹun kúrò nílé. Ẹni tó dé ní aago kan, ọ́fíìsì ló tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá lójoojúmọ́ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń jẹun lóòjọ́. Ó ń sún àárọ̀ síwájú títí tí yóò fi bá alẹ́ pàdé. Àwọn ọmọ Pólì ní orúkọ fún un: 0-1-0. Irú àwọn bẹ́ẹ̀, màámi máa ń bu gbẹ̀gìrì kún tiwọn, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé ọwọ́ àwọn ló yọ̀.

Ọjọ́ inú oṣù ni wọ́n ń wò tẹ̀lé e. Nígbà tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bọ́kọ́tọ̀ kì í pẹ́ tán, ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ kì í kọjá aago méjì. Bí oṣù bá ti dé ìdajì, pọ̀nmọ́ ló ń jọba. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí, ẹran á kàn jókòó sínú ìkòkò, àwọn ènìyàn á máa wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọjọ́ náà ni màámi kì í se ẹran púpọ̀. Wọn kò nílò kàlẹ́ńdà.

Àwọn kan tún wà tó ń ti Èkó wá lópin ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé nítorí àmàlà nìkan ni wọ́n ṣe yà. Wọ́n á kọ́kọ́ ya fọ́tò abọ́ náà títí tí ewédù yóò fi tutù. Èmi fẹ́ràn wọn, nítorí wọn kì í nájà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn bèèrè fọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan, màámi sì wò ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ní kí n lọ yá a wá lọ́dọ̀ onírẹsì iwájú wa.

Ọdún 2023 ni mo fẹ́ sọ gan-an. Kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti ṣe owó 200, 500 àti 1,000 náírà tuntun, wọ́n ní kí a kó ti àtijọ́ padà sí báńkì. A kó ti àtijọ́ lọ, a kò rí tuntun gbà. Èèyàn á ní owó ní báńkì, kò ní rí 200 náírà fi jẹun. Àwọn onípí-ó-ẹ̀sì ń ta owó bí ẹni ń ta iṣu. Bí oníbàárà bá sì ní òun fẹ́ ṣe tírànsífà, owó á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa, àwa méjèèjì á sì jọ máa wo fóònù. Ìgbà yẹn ni màámi fún mi ní ìwé kan tó ku díẹ̀ kó kún, tí mo fi ṣe Ìṣirò ní JSS2, wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ àwọn tó bá jẹun tí owó wọn kò wọlé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ: Bọ̀dá onífìlà pupa, 600. Onímáíkírà tí bọ́ńpà rẹ̀ ti já, 700. Àǹtí tó máa ń gbọ́ ìwàásù lórí fóònù, 450. Ènìyàn 31 ló wà nínú ìwé náà kó tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Mo rò pé a kò ní rí wọn mọ́. Kí oṣù kẹrin tó parí, ènìyàn 27 ti wá san. Onímáíkírà yẹn kò tilẹ̀ san owó: àárọ̀ ọjọ́ mélòó kan ló fi gbé màámi lọ sí Bódìjà lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì bá wọn ru ẹ̀wà wálé. Mo fa ilà sí orúkọ bọ́ńpà rẹ̀.

A rò pé ó ti tán. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ lọ́jọ́ ìbúra wọn, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ láwọn ibòmíràn. Mọ́tò tó ń gbé èlúbọ́ bọ̀ láti Ṣakí ń mu epo. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata ń mu epo. Àwọn ènìyàn tó ń wá jẹun pàápàá, owó ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kí wọ́n tó yọ ti oúnjẹ.

Ìgbà náà ni àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Mo ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí létí nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wọ táì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí, ẹran méjì ni tirẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan ló ní kí a má fi ẹran sí i, pé dókítà ní kí òun sinmi ẹran jíjẹ. Màámi kí i pé ara á yá. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn wá, dókítà ti bá òun náà sọ̀rọ̀. Láàárín oṣù kan, dókítà ti bá bí ìdajì Mọ́kọ́lá sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí títì, wọ́n á tẹ orí ba àwo, wọ́n á jẹun kíákíá.

Ọmọbìnrin kan tó ń bá wa bu oúnjẹ nígbà náà máa ń pariwo sí ibi ìdáná pé, "Àmàlà méjì, kò sí ẹran o!" Ọjọ́ kan ló pariwo báyìí nítorí bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Gbogbo ìsọ̀ ló gbọ́. Bàbá náà jẹun tán, ó dúpẹ́, a kò sì rí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Alẹ́ ọjọ́ náà ni màámi pe gbogbo wa jọ. Wọn kò bínú. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "kò sí ẹran" mọ́ nínú ìsọ̀ yìí. "Ti dókítà" ni kí a máa sọ. Bí mo bá gbọ́ "Méjì, ti dókítà!" mo mọ ohun tí mo máa bù: ọbẹ̀ ata tó kún, gbẹ̀gìrì tó kún, ewédù tó kún, kí àwo náà lè wúwo lójú. Bàbá olùkọ́ padà wá, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹran kéré sí ọ̀rọ̀ abọ́. Gbogbo alámàlà ló ní abọ́ kékeré tó fi ń wọn ẹyọ àmàlà kọ̀ọ̀kan. Tiwa jẹ́ abọ́ rọ́bà aláwọ̀ ewé tí iná ti jẹ létí. Nígbà tí èlúbọ́ wọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ alámàlà ṣe ni pé wọ́n pààrọ̀ abọ́: iye owó dúró síbi tó wà, àmàlà ló kéré. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ní kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lọ ra abọ́ kékeré kan bọ̀ ní Dùgbẹ̀. Màámi gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n da káún sínú rẹ̀. Káún ló ṣì wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Màámi fi 50 náírà lé ẹyọ kan dípò ìyẹn, láti 100 sí 150. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó pé, "Àmàlà ti di 150 o, abọ́ náà ṣì ni." Àwọn kan ní kò burú. Àwọn kan pòṣé. Ọ̀pọ̀ yí padà, wọ́n sọdá títì lọ sí ìsọ̀ kejì, níbi tí ẹyọ kan ṣì jẹ́ 100. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmàlà ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́, àwa ọmọ ilé ló sì ń jẹ ẹ́. N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gbẹ̀gìrì nígbà yẹn.

Mo mú 100 náírà tèmi, mo lọ ra ẹyọ kan ní ìsọ̀ kejì. Mo gbé e wálé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ wa. Kò kún. Bí mo ṣe fojú wọ̀n ọ́n, ìdá méjì nínú mẹ́ta tiwa ni. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta ní 100 náírà, odindi ní 150 náírà. Iye kan náà ni! Kò sí ọ̀wọ́n, kò sí ọ̀pọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tiwa ń dun etí, tọ̀hún kò dun etí. Mo sáré lọ sọ fún màámi bí ẹni pé mo rí wúrà. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí a kò kọ ọ́ sára pátákó kí gbogbo ènìyàn rí i? Wọ́n ní, "Má ṣèyọnu. Tó bá di aago mẹ́rin, ikùn wọn á sọ fún wọn."

Ikùn sọ fún àwọn kan, wọ́n padà. Àwọn mìíràn kò padà, wọ́n ń ra mẹ́ta lọ́hùn-ún dípò méjì, wọ́n sì gbà pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èmi kò rò pé wọn kò gbọ́n. Mo rò pé ọdún yẹn ti fi ìròyìn búburú kún etí wọn, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀kan sí i lẹ́nu alámàlà.

Ohun tó ná wa nìyí. Ìparí ọdún náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ìwé ìgbàwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbà. A ní láti san owó kan kí gbèdéke tó pé, owó náà kò sì sí. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé gbèsè, èyí tó ti di ìwé kejì nígbà náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 58,400 náírà ló wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ó tó owó náà san, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún owó ọkọ̀. Ó gbé ìwé náà síwájú màámi, kò sọ̀rọ̀.

Màámi wò ó títí. Wọ́n ní, "Bí mo bá lọ bá wọn lónìí, mi ò ní rí owó yìí gbà, mi ò sì ní rí àwọn náà mọ́." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ńkọ́, Màámi?" Wọn kò dá a lóhùn. Bàbá mi gbìyànjú láti yá owó, gbèdéke kọjá. Odidi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi bá wa fọ àwo ní Mọ́kọ́lá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọjá níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn. Ó tún ìdánwò JAMB ṣe, ó wọlé lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ti wà nílé ìwé báyìí. Bó bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń bá wa bu oúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ìwé gbèsè. Èmi ni mo ṣì ń kọ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé màámi jẹ́ ènìyàn rere. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí, bí ó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Nínú 58,400 yẹn, a ti gba púpọ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, ní 200, ní 500. Kò sí ìgbà kankan tí ó wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí èèyàn lè fi san owó ilé ìwé.

Ìwé kẹta la wà báyìí. Ẹyọ àmàlà kan ti kọjá 150 tipẹ́, abọ́ aláwọ̀ ewé ṣì ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin onítáì wọlé ní aago kan, kò kọ ẹ̀yìn sí títì. Ó ní kí a fún òun ní àmàlà méjì àti ṣàkì méjì. Màámi gbé ojú sókè nídìí ìkòkò, wọ́n ní, "Dókítà ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti yọ̀ǹda, Màámi." Ó jẹ ṣàkì kan tán. Ó wá ké sí mi, ó ní kí n bá òun fi láílọ́ọ̀nù di èkejì, òun fẹ́ gbé e lọ fún ọmọ òun.